Ìbejì tí oṣù wọn ò pé: ìgbà wo ni ká tún àyẹ̀wò thyroid (ẹṣẹ́ inú ọrùn) ṣe?

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ìbejì, obìnrin méjèèjì, tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 33 oyún, ìkọ̀ọ̀kan ò tó kìlò 2. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ wọn ní wákàtí 72, TSH wọn (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pàṣẹ fún thyroid láti ṣiṣẹ́) dára. Ṣùgbọ́n èyí ò fi mí lọ́kàn balẹ̀: ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé lè má tíì lè gbé TSH sókè bí thyroid rẹ̀ ò bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ìbejì tó jọ lo ibi-ọmọ kan ṣoṣo lè dà pọ̀ nínú oyún, kí ti ọ̀kan bo àìtó èkejì mọ́lẹ̀. Wọ́n tún ń fi áyódìn nu ìwọ́ wọn (àṣà yìí ò dáa!), ìyẹn náà lè dá thyroid dúró. Ṣé ọjọ́ 14 lẹ máa ń tún un gbà, àbí ọ̀sẹ̀ kẹrin? Ṣé ẹ máa ń fi free T4 (èròjà tí thyroid fúnra rẹ̀ ń ṣe) kún un?