STAR kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, dátà Lassa mi náà sì ń kọ mí lóminú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ másítà mi dá lórí ohun tí fáírọ́ọ̀sì Lassa ń ṣe sí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Alpha-dystroglycan, purotéènì kan, ni fáírọ́ọ̀sì náà máa ń dì mú lára sẹ́ẹ̀lì. Tó bá wọlé tán, tí inú àpò tó gbé e wọlé wá kan (acidic), á fi ìyẹn sílẹ̀, á sì dì mọ́ LAMP1, purotéènì mìíràn. Àwọn jíìnì tó ń ta jí àti àwọn tó ń dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mò ń wá.

Mo gba dátà RNA-seq ọ̀fẹ́ kan (kíka RNA inú sẹ́ẹ̀lì láti mọ bí jíìnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó): àpẹẹrẹ mẹ́fà, mẹ́ta ní fáírọ́ọ̀sì, mẹ́ta kò ní. Ṣùgbọ́n RAM mi ò ju GB 8 lọ, STAR, ètò tó ń to RNA tí wọ́n kà mọ́ ibi tó ti wá nínú jínómù, sì ń fẹ́ bí i 30 fún jínómù ènìyàn. Lálẹ́ àná, "Killed" nìkan ni mo rí lójú ẹ̀rọ, kò pẹ́ ni iná náà lọ (àfi bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́). Ṣé HISAT2 ni kí n lò, àbí Salmon, àwọn ètò tí kì í jẹ RAM tó bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n lẹ S àti L, apá méjèèjì jínómù fáírọ́ọ̀sì náà, mọ́ ti ènìyàn kí n tó kọ́ index (atọ́ka tí ètò náà fi ń wá nǹkan kíákíá)?

Èyí tó ń dà mí láàmú jù rèé: ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka RNA àwọn àpẹẹrẹ tó ní fáírọ́ọ̀sì, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka ti àwọn tí kò ní. Tí mo bá kó o sínú DESeq2, ètò tó ń wá jíìnì tó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ló fa ìyàtọ̀? Alábòójútó mi ní kí n máa bá a lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé ó ṣì ṣe é tún ṣe, àbí kí n wá dátà mìíràn? Oṣù méjì péré ló kù.