Ìjókòó gíà, kì í ṣe "ipò àtagbà"

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe gíà ọkọ̀ agunpáta, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí a ń fi rédíò darí lórí àpáta, ní "àtagbà", kí ibi tí a dè é mọ́ sì máa jẹ́ "ipò àtagbà". Ẹ̀gbọ́n wa tó mú un wá, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ rédíò ni àtagbà: ẹnìkan ń ta, ẹlòmíràn ń gbà. Ọkọ̀ yìí sì ti ní àtagbà tirẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ awakọ̀. Bí ẹ bá ní kí ọmọ iṣẹ́ sún àtagbà síwájú, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò nà. Gíà ní tirẹ̀, eyín inú rẹ̀ ló ń dín eré mọ́tò kù, tó ń fi kún agbára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé lè ní "àpótí eyín". Ṣùgbọ́n kò sí mẹkáníìkì Àkúrẹ́ tí yóò bi yín pé kí ni gíà.

"Ipò" gan-an ló dùn mí. Níbi yìí, ibi tí nǹkan wà nìkan ló ń sọ. Àwọn mẹkáníìkì ń pe rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró ní "síìtì", wọ́n á sì ní ẹ́ńjìnnì ò jókòó dáadáa. Bí ìyá bá ní kí ọmọ jókòó dáadáa, àti àga àti ẹ̀yìn tó tẹ̀ ló ń bá wí. Bó ṣe sún síwájú tó, bó ṣe ga tó, ibi tó fì sí: "ìjókòó" gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ mú ọkọ̀ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi, tí ásù méjèèjì, ìyẹn irin tó gbé táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, fi 313 mm jìnnà síra. Bó bá dojú kọ akọ òkúta bíi ti Ìdànrè, ẹrù á wọ́ sẹ́yìn, ọkọ̀ á fẹ́ dà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sún gíà àti mọ́tò síwájú. Ẹ gbé táyà iwájú sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná kan, ti ẹ̀yìn sórí òmíràn tó ga bákan náà, kí bátìrì wà nínú rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 2,500 g, kí iwájú tó nǹkan bí 1,500 g.

Àmọ́ àwo tí gíà jókòó lé náà ni ọ̀pá ìsàlẹ̀, èyí tó di ásù mú, dè mọ́. Bí àwo bá sún síwájú ní 10 mm, ọ̀pá iwájú gbọ́dọ̀ kúrú tó nǹkan bí 10 mm, ti ẹ̀yìn á gùn tó bẹ́ẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ásù á kúrò láyè rẹ̀. Pùrópẹ́là iwájú, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí ásù, á kúrú, á sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí i. Kírọ́ọ̀sì rẹ̀, ibi tó ti ń ṣẹ́po, á máa há. Bí ẹ bá tẹ gíà sẹ́yìn kí kírọ́ọ̀sì ẹ̀yìn lè tọ́, ti iwájú ló ń jìyà rẹ̀. Bí gíà bá ga jù, ọkọ̀ á máa dojú dé. Bó bá sì wálẹ̀ jù, ikùn á há sórí òkúta.

Kí ẹ tó dì í pa, ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ti táyà kọ̀ọ̀kan sókè dé òpin, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé òpin, kí ẹ máa fọwọ́ yí pùrópẹ́là. Nígbà tí ásù bá wálẹ̀ tán, pùrópẹ́là tó kúrú á yọ. Bó bá gòkè tán, èyí tó gùn jù á ti bíárìn gíà. Ẹ wò ó bóyá mọ́tò ń kan sáfò, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí táyà sọ́tùn-ún sósì, lórí ásù iwájú.

Ní ti orúkọ kírọ́ọ̀sì, "oríkèé" ni èmi fara mọ́, torí ibẹ̀ ni pùrópẹ́là ti ń ṣẹ́po bí ìgbọ̀nwọ́.