Ọdún karùn-ún rèé tí mò ń kọ́ni ní yunifásítì, bí àlejò ni mo ṣì rí níbẹ̀

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti September 2020 ni wọ́n ti ń fún mi ní kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹlòmíràn ló ṣètò kọ́ọ̀sì tí mò ń kọ́; mi ò lè yí ìbéèrè ìdánwò kan ṣoṣo padà. Wọn kì í pè mí sí ìpàdé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan béèrè ọ́fíìsì mi, mi ò rí èsì fún un. Iṣẹ́ tó wù mí láti kékeré ni, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ti ń wúwo láti lọ. Ṣé èmi nìkan ni?

Ará Leicester: Ẹ̀yin nìkan kọ́, mà. Owó ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ń san fún ìwé kan tí mo bá máàkì, ogójì ló ń gbà mí. Mi ò sì lè sọ̀rọ̀, torí fíṣà Skilled Worker, èyí tó so mọ́ agbanisíṣẹ́ mi, ni mo wà. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí fíṣà, sábà máa ń fúnni láti wá iṣẹ́ mìíràn tàbí kúrò nílùú.

Ẹ̀gbọ́n Bristol: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọdún méje ni mo fi jẹ irú ìyà yìí, ìwé kọ́ńtíráàtì mi ló yọ mí. Ìyá Ìbejì, ẹ to gbogbo kọ́ńtíráàtì yín bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀léra. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2002 lórí iṣẹ́ onígbà díẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá ń tún un ṣe fún yín tó fi pé ọdún mẹ́rin, ẹ ti di òṣìṣẹ́ títí lọ, àfi tí wọ́n bá ní ìdí tó múná. Ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ 21 ni wọ́n ní láti fèsì.

Ìyá Ìbejì: July àti August ńkọ́? Wọ́n ní oṣù méjèèjì ti já iṣẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Bristol: Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn! Ẹ wá ẹjọ́ Ford àti ìjọba ìbílẹ̀ Warwickshire, 1983. Olùkọ́ ni Ìyáàfin Ford, kọ́ńtíráàtì mẹ́jọ ló gbà tẹ̀léra, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ní ìsinmi ìgbà ooru kò já iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo àlàfo kọ́ ni wọ́n máa gbà bẹ́ẹ̀ o, nítorí náà ẹ bá UCU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti rí kọ́ńtíráàtì mẹ́rin nínú ímeèlì mi. Ti 2021 ni mi ò rí.

Ará Leicester: Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ HR, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, mà. Ìwé tó jẹ mọ́ yín ni, oṣù kan ni òfin fún wọn láti mú un wá.