Etí ọmọ tó ń dùn, tó lọ tó tún padà: ta ló ti rí irú ẹ̀?

Ìyá Dámi, Kàbbà: Ọ̀kun o gbogbo ilé. Etí ọmọ àbúrò mi ń dùn, wọ́n lo oògùn, ó lọ, ó tún padà. Ibà náà ò tán. Kí lojú yín ti rí?

Bàbá Ìbejì: Àdín díẹ̀ sínú etí, ó parí.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kán àdín sétí tó ń da ọyún, ìlù etí lè ti ya.

Mọ́mì Tóní, Ìsánlú: Etí lọmọ tèmi náà fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 4. Ọsibítù tá a kọ́kọ́ lọ ní ibà ni, ibà ni ṣáá, etí á fúyẹ́ á tún gbé e, ọmọ wá ń funfun, ẹsẹ̀ ń dùn ún lóru tẹ́nikẹ́ni ò lè sùn, àpá dúdú ń yọ lára ẹ̀ níbi tí ò ti fara gbá nǹkan kan, imú ń ṣẹ̀jẹ̀. Obìnrin kan ní láàbù ló wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó ní ká máa lọ Ìlọrin lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n fa mùdùnmúdùn egungun ìdí ẹ̀ wò, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni.

Dàda Ìyàrà: Etí dídùn di jẹjẹrẹ kẹ̀? Mi ò gbà.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́: Bọ̀ọ̀dá, etí kọ́ ló fà á. Inú mùdùnmúdùn egungun lara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun tí ò gbó bá kún ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa ò ráyè, èyí tó ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì ò ráyè, èyí tó ń bá kòkòrò jà náà ò tó, ìyẹn ni kòkòrò fi ń rí etí gbé. Ọ̀pọ̀ etí dídùn ò rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ tó bá ń padà ṣáá, tọ́mọ sì ń funfun, ẹ ní kí wọ́n ṣe FBC, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò: Ṣebí Lọ́kọ́ja ló sún mọ́ yín?

Mọ́mì Tóní: Ìsánlú la ti gbéra, kì í ṣe Kàbbà.

Bàbá Ìbejì: Ọ̀nà Òmù-Àrán yẹn nìkan tó àìsàn.

Ìyá Àgbà Mopa: Ládùúgbò wa, àbíkú ni wọn ì bá pè é.

Mọ́mì Tóní: Wọ́n pè é mà. Bàbá ẹ̀ yarí pé ọmọ òun ò lọ ilé adáhunṣe kankan. Ìtọ́jú náà lé lọ́dún méjì, kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ), ẹ̀jẹ̀ gbígbà, irun ẹ̀ re tán. Ó ti wọ JSS báyìí, ọpẹ́ ni f'Ọlọ́run.

Dàda Ìyàrà: Ẹ kú ìrọ́jú mà. Mo ti gbọ́.

Ìyá Dámi: Ojúgun ń dun ọmọ yìí náà o! Mò ń pe ìyá ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́: Kí wọ́n má dúró dọ̀la, mà.