Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa máìkì: ìlera ọkàn àwọn ọkùnrin tí ìlú mọ̀

ỌmọAké

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ ìlànà ojú ìwé méjì fún àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ wa níbí ní Abẹ́òkúta: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ́ḿsíì òde àríyá, àti olórin. "Ẹ máa sinmi" àti "ẹ máa gbàdúrà", kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí èèyàn lè tẹ̀ lé ní tààrà ni mò ń wá. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti kọjá àárẹ̀ lásán? Kí ni kó ṣe sí èébú orí Facebook? Ta ni kó sì bá sọ̀rọ̀ nílùú tí gbogbo èèyàn ti mọ ojú ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára ọkùnrin kì í sábà jọ ìbànújẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í mú. Kò ní sunkún, kò ní sọ pé inú òun bàjẹ́. Ìbínú lẹ máa rí: ó ń jágbe mọ́ dẹ́rẹ́bà, ó ń bá onílù fa ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ìgò kan ti di mẹ́ta. Ó ń wa mọ́tò ní ìwàkuwà. Ara náà á máa sọ tiẹ̀: orí ń gbóná, ó dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú orí, àyà ń já, oorun ò wá. Ibà ni wọ́n máa ń pè é. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ní kò síbà, tí orí ṣì ń gbóná, kó má ra oògùn ibà mìíràn. Kó jẹ́ kí dókítà wo ọkàn náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni òṣùwọ̀n. Àwọn dókítà ní ìbéèrè mẹ́sàn-án kan tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lára èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló ń béèrè: ṣé nǹkan ṣì ń wù ú ṣe, báwo ni inú rẹ̀ ṣe rí, oorun ńkọ́, agbára ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, ṣé ó ń rí ara rẹ̀ bí aláìwúlò, ṣé ó lè fọkàn sí nǹkan, ṣé ara rẹ̀ wọ́lẹ̀ tàbí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ṣé èrò ikú ń wá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 27. Bó bá pé 10, kó lọ rí dókítà. Ìbéèrè kẹsàn-án kì í dúró de àròpọ̀ ní tiẹ̀: bó bá jẹ́ 1 péré ló fi síbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kó sọ ọ́ fún ẹnìkan.

Wàyí o, wákàtí kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìlànà yín ní gàdàgbà: wákàtí tó tẹ̀ lé òde. Òde parí ní Kútọ̀ láago kan òru. Sípíkà ṣì ń dún létí rẹ̀, ara ṣì gbóná, àyà ṣì ń lù kìkì. Ó délé, gbogbo wọn ti sùn. Ó jókòó sí pálọ̀ tòun ti agbádá lọ́rùn, kò tan iná, ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló ń tàn sí i lójú. Èèyàn ọ̀ọ́dúnrún ń pàtẹ́wọ́ fún un ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ní báyìí ó ń ka kọ́mẹ́ǹtì ẹni kan ṣoṣo tó bú u. Ibẹ̀ ni ọtí, oògùn oorun àti èébú ti ń pàdé ara wọn.

Nítorí náà, kí fóònù iṣẹ́ sùn sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kó wẹ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó jẹ nǹkan díẹ̀ tí kò lata. Lẹ́yìn náà kó jókòó, kó máa fa èémí sí imú ní ìwọ̀n kíka 4, kó máa tú u síta ní ìwọ̀n kíka 6. Ìyẹn jẹ́ èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Kó ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á máa fa èémí tipátipá, òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, ìka ọwọ́ á máa ta wọ́n. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Bí oorun ò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó lọ jókòó níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, kó padà nígbà tí ojú bá ń kún. Ẹni tó bá ń dùbúlẹ̀ bínú sí oorun, bẹ́ẹ̀dì náà á di ibi ìjà fún un.

Àríyá wa, láti Ọjọ́bọ̀ dé ọjọ́ Àìkú ni. Kí Ọjọ́ Ajé jẹ́ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ sí òde, àní bí owó rẹ̀ bá tóbi.

Alábòójútó Page

Ẹ̀gbọ́n, ìṣètò ló ń ṣẹ́gun èébú, ìgboyà ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni kó ní. Èyí tó wà lára pátákó àti nínú ìpolówó rédíò, kó wà nínú fóònù ọ̀tọ̀. Bí nọ́ńbà tí ìyàwó àtọmọ fi ń pè é bá ti bọ́ síta, kò ṣeé kó padà mọ́.

Kó má fi àkáǹtì ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí Facebook. Page ni kó ṣí, torí ó lè fún ẹlòmíì láyè láti bá a bójú tó o láì fún un ní password. Ibì kan wà nínú Page tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ rí, kọ́mẹ́ǹtì tó bá ní i nínú á sì pamọ́ fúnra rẹ̀. Instagram ní irú rẹ̀, Hidden Words lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ "wèrè" nìkan, "were", "wereh" àti "weyrey" lè kọjá. Ẹ kọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ̀ ẹ́; bákan náà ni "olóṣì", "oloshi", "olosi". Ẹ ṣọ́ra fún "ode" o. Ọ̀dẹ̀ ni, òde àríyá náà sì ni. Ó lè pa kọ́mẹ́ǹtì oníbàárà tó fẹ́ gbé òde fún un mọ́.

Kí ẹlòmíì máa ka kọ́mẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Àríwísí tó nítumọ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Èébú, kó má sọ ọ́ rárá. Ìhàlẹ̀, kó kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù, kí orúkọ, ọjọ́ àti link hàn, kó tó búlọ́ọ̀kù ẹni náà, torí ẹ̀rí lè sọnù. Ìhàlẹ̀ pípa èèyàn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló ń lọ. Ẹ má gbé iṣẹ́ yìí fún ìyàwó tàbí ọmọ. Àwọn gan-an lèébú náà máa ń gún jù.

Bó bá pọn dandan kó fèsì, lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó má sì ṣe live lóru.

Apòògùn

Agolo ohun mímu agbára (energy drink) kan tó jẹ́ mílílítà 250 ní káfíìnì bíi mílígírámù 80. Ó ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tó mu méjì láago mẹ́wàá alẹ́, agolo kan ṣì wà lára rẹ̀ láago mẹ́ta òru. Obì náà ní káfíìnì. Káfíìnì yìí ló ń fà á tí wọ́n fi ń wá oògùn oorun bíi diazepam àti bromazepam kiri. Ìwọ̀nyẹn ń di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n bá sì pàdé ọtí nínú ara, wọ́n lè dá mímí dúró. Paraga náà, ọtí ni o. Ẹni tó ti ń lo oògùn oorun wọ̀nyẹn lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ já a lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè mú un; dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi sertraline tàbí fluoxetine kò rí bí oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára, wọ́n sì sábà máa ń ní kéèyàn máa lò ó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń jáwọ́ nínú rẹ̀ torí ó lè ṣàkóbá fún agbára ọkùnrin, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ. Kó sọ ọ́. Dókítà lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Tramadol, oògùn ìrora, ò gbọdọ̀ bá oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì wọ̀nyí pàdé láìjẹ́ pé dókítà mọ̀: ìgbóná ara, gbígbọ̀n àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ló lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

ỌmọAké

Ẹ ṣeun gidi gan-an. Ó ku Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbí ní Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá rí mọ́tò rẹ̀ ní géètì ibẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa dalẹ́ ó ti wọ gbogbo WhatsApp.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àṣejù, ẹ̀gbọ́n. Kó gba ilé ìwòsàn gbogbogbòò wọlé. Ìdí-Àbà ni Federal Medical Centre wà, State Hospital sì wà ní Ìjàyè. Gbogbo àìsàn ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Kó sọ fún dókítà pé oorun ò wá, àyà ń já, kó sì béèrè bóyá wọ́n á kọ ìwé fún òun lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Kó mú àkọsílẹ̀ oorun ọ̀sẹ̀ méjì dání, àti páálí gbogbo oògùn tó ń lò. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, tó rọ́pò ti 1958, dáàbò bo àṣírí ẹni tó ń gbàtọ́jú.

Aro fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 1954, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé níbẹ̀, kò ti aláìsàn mọ́lé. Ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá, wọ́n á jọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, wọ́n á sì máa lọ gbàtọ́jú nílé ìwòsàn. Ẹ mú ìbátan kan yẹn sínú ìlànà yín. Kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yan ẹnìkan nísinsìnyí tí ara le, ẹni tí owó òde kò kàn, kó sì fún un láyè láti béèrè ohunkóhun.

Bí ẹni náà bá rí i pé nǹkan ti yí, kó bi í ní tààrà: "Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi kó o pa ara rẹ?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kó kó oògùn apakòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé kúrò, kó sì bá a lọ sí yàrá pàjáwìrì lóru náà.