Áàpù àwọn aránṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: ọ̀nà wo ni kí n gbà pawó lórí rẹ̀?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Iṣẹ́ oṣù ni mò ń ṣe, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló kù fún ti ara mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ áàpù kan tán fún àwọn aránṣọ: orúkọ oníbàárà, ìwọ̀n àyà, ìbàdí, apá àti gígùn, ọjọ́ tí aṣọ máa jáde, iye tí oníbàárà ṣì jẹ. Flutter, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù Android àti iPhone pọ̀, ni mo fi kọ ọ́. Orí fóònù ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ṣé kí n gbé ìpolówó sí i ni, àbí kí n tà á, àbí kí n máa gba owó oṣooṣù? Ṣé kí n gbé e sórí Android àti iPhone pọ̀? Kí ló sì máa ń dá èèyàn dúró kí áàpù tó jáde? Àfikún owó oṣù ni mò ń wá o, mi ò fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Kóòdù:
Ẹ má fi ìpolówó sí i. Eré àti áàpù tí èèyàn ń jókòó tì fún ìgbà pípẹ́ ni ìpolówó ń pawó fún, àwọn tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀ bí eṣú. Aránṣọ máa ṣí áàpù yín, á wo ìwọ̀n apá, á pa á dé, á padà sídìí ẹ̀rọ. Ìpolówó kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú fóònù kò lè mówó gidi wá láàárín ìwọ̀nba àsìkò yẹn. Èyí tó ń bo gbogbo ojú fóònù ló tún burú jù: oníbàárà dúró, téèpù wà lọ́wọ́, ìpolówó wá dí ìwọ̀n mọ́ ọn lójú. Yíyọ ló máa yọ áàpù náà kúrò. AdMob, ẹ̀ka Google tó ń gbé ìpolówó sínú áàpù, kì í sì í sanwó fún èèyàn títí ohun tó pa fi máa pé $100. Tí àwọn tó ń lo áàpù kò bá pọ̀, ó lè pẹ́ gan-an kẹ́ ẹ tó rí owó àkọ́kọ́.

Ohun tó bá irú áàpù yìí mu ni owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n máa san nínú áàpù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n kọ oníbàárà 15 sínú rẹ̀ láìsan nǹkan kan. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ ìkẹrìndínlógún, kí áàpù béèrè owó. Ẹni tó ti kọ èèyàn 15 síbẹ̀ ti mọ̀ pé ó wúlò. Àmọ́ ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn 15 yẹn láéláé. Kó ṣì lè kà wọ́n, kó tún wọn ṣe, kó sì kó wọn jáde, yálà ó sanwó tàbí kò san. Ìwọ̀n oníbàárà kì í ṣe tiyín, ẹni tẹ́ ẹ bá sì há mọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀ máa fún yín ní ìràwọ̀ kan, á sì sọ ìdí fún gbogbo ayé.

Ẹ má fi iye owó sórí gbígbà áàpù fúnra rẹ̀. Ta ló fẹ́ ra ohun tí kò tíì dán wò? Lórí Google Play, áàpù tó bá ti jáde lọ́fẹ̀ẹ́ kò tún lè di èyí tí wọ́n ń rà kí wọ́n tó gbà á, nítorí náà inú áàpù ni ọjà yín máa wà. Owó oṣooṣù ńkọ́? Ó tọ́ kìkì tí ẹ̀yin náà bá ń san nǹkan lóṣooṣù nítorí wọn, bíi sáfà (kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì) tí ẹ̀dà ìpamọ́ wọn wà. Ẹ ò tíì débẹ̀.

Ní ti ìpín tí Google àti Apple, àwọn tó ni ọjà áàpù, ń yọ nínú owó yín: láti 2021 ni Google ti ní ètò 15% lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ lọ́dún. Apple náà ní tirẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ 30% ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ forúkọ sílẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá tà á ní $5, $4.25 ló kù fún yín kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Iye tó yẹ ní orílẹ̀-èdè kan lè pọ̀ jù ní òmíràn, torí náà ẹ fọwọ́ ara yín tò ó fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú Play Console, ojú ìwé tẹ́ ẹ ti ń bójú tó áàpù yín lórí Google Play.

Atúnṣe:
Gbogbo ohun tí Ìyá sọ ni mo fara mọ́. Kí n wá sọ ibi tí owó ti máa ń jò. Lórí Google Play, tí èèyàn bá sanwó, áàpù yín gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti rí owó náà láàárín ọjọ́ 3. Bí kò bá jẹ́wọ́, Google á dá owó padà fún ẹni tó rà á láìbi yín. Nínú in_app_purchase, àkójọ kóòdù ìsanwó ti Flutter, `completePurchase` ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ojú ìwé ìsanwó nìkan ni wọ́n ti ń fetí sí `purchaseStream`, ibi tí ìròyìn ìsanwó ń gbà wọlé. Oníbàárà sanwó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já tàbí bátìrì kú, ojú ìwé yẹn pa dé, kò sí ẹni tó jẹ́wọ́ mọ́. Ìgbà tí áàpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí i, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ti rà sẹ́yìn.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà dán an wò nìyí: ẹ kọ ímeèlì yín sí License testing (àkójọ àwọn tó ń dán ìsanwó wò) nínú Play Console, ẹ rà á, kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú 5. Fún olùdánwò, ìṣẹ́jú 3 péré ni Google fi ń dúró de ìjẹ́wọ́ dípò ọjọ́ 3, ẹ máa tètè mọ̀ bí owó bá padà. Àwọn míì máa ń lo ọ̀nà ìsanwó tó ń pẹ́: wọ́n á wà ní `pending` (owó kò tíì wọlé). Ẹ má ṣí nǹkan kan fún wọn títí á fi di `purchased` (owó ti wọlé). Lórí iPhone, ẹ fi bọ́tìnì tí wọ́n lè fi gba ohun tí wọ́n ti rà padà síbẹ̀, torí pé àwọn alàyẹ̀wò Apple máa dá áàpù padà bí wọn ò bá rí i.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Orí ojú ìwé ìsanwó gan-an ni mo gbé `purchaseStream` sí, mo máa gbé e kúrò lálẹ́ òní. Ti àwọn olùdánwò ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ń béèrè èèyàn 12.

Adánwò:
Bẹ́ẹ̀ ni. $25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni owó ìforúkọsílẹ̀ Google Play. Àkáǹtì ti ara ẹni tí wọ́n bá ṣí lẹ́yìn November 13, 2023 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe closed testing, ìdánwò tí àwọn tẹ́ ẹ pè nìkan ń ṣe: ó kéré tán èèyàn 12, ọjọ́ 14 láìjá. Èèyàn 20 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, December 2024 ni wọ́n dín in kù. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè béèrè kí áàpù jáde fún gbogbo èèyàn.

Ibi tó ń bà jẹ́ sí: ẹ kó èèyàn 12 géérégé, ẹnì kan kúrò ní ọjọ́ 9, ẹ di 11. Ẹ kó tó 20. Kíkọ ímeèlì wọn sínú àkójọ kò tó, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ tẹ líǹkì kó sì gbà fúnra rẹ̀. Ẹ má lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ìdánwò ṣe pàṣípààrọ̀, torí wọ́n á gba áàpù sílẹ̀, wọn ò ní ṣí i mọ́. Tó bá parí, Google á béèrè bẹ́ ẹ ṣe rí àwọn èèyàn náà, ohun tí wọ́n sọ, àti ohun tẹ́ ẹ yí padà. Aránṣọ gidi nìkan ló lè fún yín ní ìdáhùn tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, ẹ wo `applicationId` (orúkọ tí Play fi ń dá áàpù mọ̀) dáadáa, kò ṣeé yí padà lẹ́yìn tí áàpù bá jáde, Play kì í sì í gba orúkọ àpẹẹrẹ tó bá fi `com.example` bẹ̀rẹ̀. Fáìlì .aab (irú fáìlì tí wọ́n ń di áàpù sí) ni wọ́n ń gbà fún áàpù tuntun láti August 2021. `versionCode` (nọ́ńbà ẹ̀dà áàpù) gbọ́dọ̀ máa ga sí i nígbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gbé e sókè. Ẹ fi keystore (fáìlì kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ fi ń buwọ́ lu áàpù) pa mọ́ síbi méjì. Àkọsílẹ̀ tí kò kúrò lórí fóònù kò sí lára ohun tẹ́ ẹ máa kà sí pé ẹ ń kó jọ nínú Data safety, fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ti ń sọ ohun tí áàpù ń kó jọ fún Google, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi Crashlytics (irinṣẹ́ tó ń ròyìn ìgbà tí áàpù bá já) sí i, ó ti di kíkó nìyẹn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí tó fi pẹ́ jù: tẹ́ ẹ bá ń pawó pẹ̀lú àkáǹtì ti ara ẹni, àdírẹ́sì yín á hàn sí gbogbo èèyàn lórí Play. Ẹ ronú sí i kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Atúnṣe:
iPhone lè dúró. $99 lọ́dọọdún ni Apple ń gbà, ẹ sì nílò Mac tó ní Xcode, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe áàpù iPhone. Pẹ̀lú $4.25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn 6 ló máa dá $25 ti Google padà fún yín, ó sì tán. Ti Apple gba èèyàn 24, lọ́dọọdún. Kí Android kọ́kọ́ sanwó rẹ̀.

Ìyá Kóòdù:
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ìpamọ́ kún un, torí òun ló ń dun aránṣọ jù. Fóònù sọnù, ìwé ìwọ̀n gbogbo oníbàárà sọnù. Auto Backup ti Android, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fúnra rẹ̀, kì í gbà ju 25 MB lọ fún áàpù kan. Ìwọ̀n nìkan kò lè kún un, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba àwòrán aṣọ láàyè, á kọjá 25 MB kíá, ẹ̀dà tuntun ò sì ní lọ mọ́. Ẹ yọ àwòrán kúrò nínú ohun tí Auto Backup ń kó, kẹ́ ẹ sì fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tó máa kó gbogbo ìwọ̀n jáde sí fáìlì kan tí aránṣọ lè fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni kí bọ́tìnì yẹn jẹ́.

Ẹ tún ka ìwé àdéhùn ibi iṣẹ́ yín. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ jẹ́ tiwọn, kódà lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Ẹ má lo kọ̀ǹpútà wọn, ẹ má sì mú ìlà kóòdù kan ṣoṣo wá láti ọ̀dọ̀ wọn.

Olùbéèrè:
Ó yé mi. Android nìkan, 15 lọ́fẹ̀ẹ́, owó ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀kan ló kù: àwọn aránṣọ kan ń lo ínṣì, àwọn kan sẹ̀ǹtímítà. Mìlímítà ni mo fi ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà odindi.

Atúnṣe:
Ẹ yí ìyẹn padà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ínṣì 34.5 jẹ́ mìlímítà 876.3. Ẹ tọ́jú 876, nígbà tẹ́ ẹ bá yí i padà, 34.49 ló máa rí. Ẹni tó kọ 34 ààbọ̀ kò ní gbà pé áàpù yín mọ ìṣirò. Nọ́ńbà tó kọ gan-an àti ínṣì tàbí sẹ̀ǹtímítà tó yàn ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Ìgbà tó bá ní òun fẹ́ wò ó lọ́nà kejì nìkan ni kẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀.