Báàgì tí a kò mọ olóhun rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì: ṣé ó tọ́ kí n dá sọ̀ kalẹ̀?

Ará Ọ̀jọ́ọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ọ̀jọ́ọ̀, mo ń lọ sí Dùgbẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó jókòó níwájú mi sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, ó sì fi báàgì dúdú kan sílẹ̀ lábẹ́ àga. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣí ni mo rí i pé wáyà pupa yọ jáde níbi tí síìpù rẹ̀ kò ti pa dé. Àyà mi já. Mo ké "Ó wà o!", mo bọ́ sílẹ̀ ní Ṣáńgo láìdúró gba ṣéńjì, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọ náà di ẹ̀wù mi mú, mo ní láti já ọwọ́ rẹ̀ kí n tó lè dìde. N kò gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ oorun kò kùn mí. Ṣé mo jẹ̀bi, nígbà tí kò dá mi lójú pé nǹkan burúkú ni?

Awakọ̀ Mọ́níyà
Ẹ̀gbọ́n, n kò dá yín lẹ́bi pé ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹ kò sọ fún awakọ̀, nítorí ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú kò ní ojú lẹ́yìn. Bí ẹ bá sì lọgun "bọ́ǹbù" nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, èrò yóò máa fò sórí títì, ọkọ̀ ẹ̀yìn yóò sì ti gbá wọn kí báàgì tó ṣe ohunkóhun. Ẹ fọwọ́ kan kọ́ńdọ́ léjìká, kí ẹ sọ ọ́ sí i létí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí: mo yà kúrò lọ́nà, mo ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹrù náà, a lọ dúró lókèèrè. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi gun ọ̀kadà dé, òógùn bò ó. Rédíò ni ó ń tún ṣe, ti àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ó gbàgbé. Àwọn èrò bú mi, mo sì dá owó wọn padà. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, owó náà dùn mí.

Ọmọ Ọjà Ọba
Èmi yóò sọ fún awakọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dúró, torí ẹni tí ó bá pe ọlọ́pàá ni wọn yóò kọ́kọ́ máa bi ní ìbéèrè.

Ìyá Yemẹtu
Ọmọ mi, ohun kan bà mí lẹ́rù ju báàgì lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí wọ́n rí òkú àti àwọn ènìyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú igbó Sọ́kà, ìbẹ̀rù gba ìlú yìí débi pé ẹni tí ó bá ti wọ àkísà, tí ó gbé àpò, gbọ́mọgbọ́mọ ni lójú àwọn ènìyàn. Bí o bá nawọ́ sí oníbáàgì yẹn lójú pópó, tí o pè é ní apániláyà, kí ọlọ́pàá tó dé ni wọn yóò ti fi táyà sí i lọ́rùn. Ẹrù ni kí o sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, má dárúkọ ènìyàn.

Ìbẹ̀rù rẹ kì í ṣe ti òmùgọ̀ náà o. Ohun tí ó bú gbàmù ní Bódìjà ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kínní ọdún 2024 mi fèrèsé wa níbí, gómìnà sì sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni wọ́n kó o pamọ́ sínú ilé. Rìn jìnnà sí ẹrù náà kí o tó tẹ fóònù, kí o wá pe 112, tàbí 615 ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ará Ọ̀jọ́ọ̀
Ẹ ṣé, mà. Mo padà sí garáàjì láàárọ̀ yìí, mo sì rí awakọ̀ náà. Ó ní oníbáàgì ti wá gbé ẹrù rẹ̀. Ó rántí mi, ó ka igba náírà lé mi lọ́wọ́, ó ní ṣéńjì mi tí mo fi sílẹ̀ nìyẹn. Ó bi mí pé kí ni mò ń sá fún lọ́jọ́ yẹn, n kò sì lè dá a lóhùn.